Téèpù Ọrùn Mi àti Ọ̀nà Ẹlẹ́sẹ̀

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹta

Ìpàdé ìgbìmọ̀. Àwa méje, àga mẹ́fà. Èmi ni mo dúró.

Kí n kọ ọ́ sílẹ̀, torí tó bá yá màá gbàgbé: iṣẹ́ ìgbìmọ̀ ará ìlú kò ju pé ká ka ohun tí ìjọba ìlú kọ sínú ìwé ètò ìnáwó, ká fi ẹsẹ̀ ara wa rìn débẹ̀, ká wò ó bóyá ó wà níbẹ̀. A kì í gba owó oṣù. Omi tútù ni wọ́n ń fún wa. Ti òní ò tiẹ̀ tutù.

Alága pín iṣẹ́. Ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n. Kò sí ohun téèyàn máa sọ tí wọn ò ní ní "jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́", ìyẹn ni mo ṣe ń pè wọ́n ní Jẹ́jẹ́ nínú ìwé yìí. (Wọn ò gbọdọ̀ rí i láéláé.) Ìlà kẹtàdínlógún ló kàn mí: ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ oníkọnkéré, láti ẹnu géètì ilé ìwé lọ sí apá ibùdókọ̀, ọ̀ọ́dúnrún ẹsẹ̀ bàtà. Wọ́n ti parí ẹ̀gbẹ́ kan títì. Tí a bá fọwọ́ sí i, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ ẹ̀gbẹ́ kejì. Tí a ò bá fọwọ́ sí i, iṣẹ́ dúró nìyẹn, orúkọ fọ́mánì á sì lọ sórí pátákó àwọn tí ìlú ò ní gbéṣẹ́ fún mọ́.

Àbúrò mi ni fọ́mánì. Kékeré. Ó ti pé ọdún mẹ́rìnlélógójì, ẹ̀gbẹ́ ló máa ń fi gba ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi wọlé, síbẹ̀ Kékeré náà ni mò ń pè é.

Mo sọ ọ́ lójú gbogbo wọn pé àbúrò mi ni. Jẹ́jẹ́ ní ṣé kí àwọn gbé e fún ẹlòmíràn. Nọ́ọ̀sì, tí òun náà wà nínú ìgbìmọ̀, fi ìgúnpá gún mi, ìyẹn ni pé kí n gbà. Mo ní rárá o. Ṣé torí pé ó jẹ́ àbúrò mi ni ojú mi ò fi ní ríran? Nọ́ọ̀sì ní ó dáa, òun á bá mi lọ.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹfà

Téèpù gígùn ti ìjọba ìlú wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti lọ fún ìsinmi. Ìgbà wo ló máa dé? Ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Mo ní ẹ fi sílẹ̀. Ọdún méjìlélógún ni mo ti ń wọn èèyàn, ṣé ilẹ̀ ló máa wá ṣòroó wọ̀n? Ó kéré tán, ilẹ̀ ò ní fa ikùn sínú.

Téèpù ọrùn mi la lò, èyí tí ọ̀gá mi fún mi lọ́jọ́ tí mo parí ìkọ́ṣẹ́. Ọgọ́ta íǹṣì. Ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún géérégé. Ọgọ́ta ìgbà ló yẹ ká tẹ́ ẹ.

Nọ́ọ̀sì di orí mú, mo di ìdí mú, mò ń fi ṣọ́ọ̀kì aránṣọ mi sàmì sílẹ̀. Nígbà tí a dé ogójì, ẹ̀yìn mi ti ń ké. Nígbà tí a dé àádọ́ta, mo gbójú sókè, mo wo ibi tó kù, mo rí i pé kò ní pé. Kọnkéré náà dáa, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó le, ó tẹ́jú, etí rẹ̀ gún régé. Ṣùgbọ́n mọ́kàndínlọ́gọ́ta ló parí sí.

A tún un wọ̀n láti òdìkejì padà wá. Mọ́kàndínlọ́gọ́ta.

Ẹrẹ̀ ló wà láàárín ibi tó parí sí àti ibùdókọ̀, bí ìṣísẹ̀ mẹ́fà. Obìnrin kan sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ó bọ́ bàtà rẹ̀ sọ́wọ́, ó wo téèpù, ó wo àwa méjèèjì. Ó ní, "Ẹ ẹ̀ rí i? Ibẹ̀ yẹn ni wọ́n ti jẹ owó wa."

Ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún. Kékeré, kí lo fi wọ́n ṣe?

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ keje

Mo kọ ìròyìn pé ọ̀nà náà kò pé, mo sì fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé ìgbìmọ̀. Ìlà mẹ́rin péré, odindi àárọ̀ kan. Mi ò rán nǹkan kan.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹjọ

Wọ́n ti dá iṣẹ́ dúró. Ó di ìpàdé gbangba, ọjọ́ kejìdínlógún, kí wọ́n tó ka ìròyìn mi sétí gbogbo ìlú. Tí wọ́n bá kà á tán tí kò yí padà, pátákó ló kàn.

Kékeré wá lọ́sàn-án. Kò jókòó. Oníbàárà méjì wà níbẹ̀, ó kí wọn dáadáa, ó kí èmi náà, ó wá ní, "Àǹtí mi, ẹ̀yin lẹ kọ ọ́?" Mo ní èmi ni. Ó ní òun fọwọ́ ara òun na okùn ìwọ̀n kí wọ́n tó da kọnkéré. Mo ní èmi náà wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní kí ló dé tí mi ò kọ́kọ́ pe òun. Mo ní ẹni tí wọ́n fẹ́ yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò, ṣé òun ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ pè? Àwọn oníbàárà ti gbé ojú wọn sílẹ̀.

Ó wo téèpù tó wà lọ́rùn mi. "Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi pé kí n má mú ohun tí kì í ṣe tèmi." Ló bá jáde. Ẹ̀gbẹ́ náà ló fi jáde, ṣùgbọ́n mi ò lè rẹ́rìn-ín lónìí.

Inú bí mi. Ká ní ó bẹ̀ mí ni, mi ò bá mọ ohun tí mo máa ṣe. Ṣùgbọ́n kó dúró kó máa wò mí lójú bẹ́ẹ̀, bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan! Mo gbé apá ọ̀tún búláòsì kan sí òsì. Mo tún tú u.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹwàá

Màmá pè. Wọ́n ní àwọn gbọ́ pé mo ti di ọlọ́pàá. Mo ní Màmá, ìgbìmọ̀ ni. Wọ́n ní ìgbìmọ̀ wo ló ń ní kéèyàn kọ orúkọ ọmọ ìyá rẹ̀ sílẹ̀? Mo ní mi ò kọ orúkọ ẹnikẹ́ni, ọ̀nà ni mo kọ. Wọ́n ní ṣé èmi àti ọ̀nà la jọ mu ọmú ni? Wọ́n wá bi mí bóyá mo ti jẹun.

Mo ti jẹun, Màmá.

Ohun tó ń dùn mí, ìwé nìkan ni mo lè sọ ọ́ fún. Nígbà tí mo fi ìròyìn yẹn sílẹ̀, tí akọ̀wé ní "Màdáámù, ẹ gbìyànjú o, àní àbúrò yín!", orí mi wú. Mo rìn jáde bí ẹni tó gba ẹ̀bùn. Àbúrò mi ni mo fi gbà á.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìlá

Kékeré kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù. Kò yà.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá

Mo parí kọ́tìnì Nọ́ọ̀sì. Èmi kì í fi ìwọ̀n ẹlòmíràn ránṣọ, ṣùgbọ́n kò sáyè láti lọ sílé rẹ̀. Kápẹ́ńtà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi ló bá a kan irin kọ́tìnì, òun ló bá mi wọ̀n ọ́n. Ó kọ ọ́ sórí àfọ́kù pákó fún mi. Kò ní bébà rí, ọkùnrin yìí. Láti irin dé ilẹ̀, àádọ́rùn-ún íǹṣì.

Kọ́tìnì rẹwà. Mo fi ránṣẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Mi ò mọ ibi tí mo ti máa bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ mi ń yára ju ìwé lọ.

Nọ́ọ̀sì dé láàárọ̀, kọ́tìnì lábíyá. Ó ní kọ́tìnì mi ń bá òun gbálẹ̀, òun ò sì ní kó wá bá òun ṣiṣẹ́ ilé. Mo ní kò lè ṣẹlẹ̀. Mo na téèpù mi: àádọ́rùn-ún. Ẹ wò ó! Mo ké sí Kápẹ́ńtà pé kó wá jẹ́jọ́ ara rẹ̀. Ó dé pẹ̀lú téèpù onírin rẹ̀, ó nà án: mọ́kànléláàádọ́rùn-ún àbọ̀.

Mo ní téèpù ẹ ti ya wèrè. Ó ní, "Màdáámù, irin kì í ya wèrè." Mo ní kí ló kàn, ṣé èmi ni mo wá ya wèrè? Ó ní òun ò sọ bẹ́ẹ̀ o. A fẹ́rẹ̀ẹ́ jà. Nọ́ọ̀sì, tí àkókò iṣẹ́ rẹ̀ ti kọjá, gba téèpù méjèèjì lọ́wọ́ wa, ó tẹ́ wọn sórí tábìlì ìgéṣọ, ìkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkejì.

Ọgọ́ta tèmi bọ́ sórí mọ́kànlélọ́gọ́ta ti Kápẹ́ńtà.

Sísọ́ọ̀sì! Láti ọjọ́ tí mo ti ní ṣọ́ọ̀bù ni mo ti ń so sísọ́ọ̀sì ńlá mọ́ ìdí téèpù yìí kó má baà sọnù, tí mo sì ń gbé méjèèjì kọ́ sórí ìṣó tí mo bá ń lọ sílé. Ọdún méjìlélógún. Irin yẹn ń fà á, ó ń fà á, téèpù ń gùn sí i. Kò sì séèyàn tó mọ̀, torí téèpù tí mo fi wọn èèyàn náà ni mo fi ń wọn aṣọ rẹ̀. Gbogbo aṣọ ń bá wọn mu wẹ́kú. Àfi ìgbà tí mo gbé e lọ wọn ohun tí ẹlòmíràn ti wọ̀n.

Nọ́ọ̀sì wò mí. Èmi náà wò ó. Àwa méjèèjì jọ rántí ni. Mọ́kàndínlọ́gọ́ta.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ sáàárín kọ́tìnì. Mò ń sunkún, mò ń rẹ́rìn-ín. Kápẹ́ńtà rò pé torí kọ́tìnì ni. Ó ní kò tó nǹkan tó ń pani lẹ́kún, ṣebí kí n ká a sókè díẹ̀ ni.

Kékeré ò jalè.

Kékeré ò jalè. Mo tún un kọ kí n lè rí i dáadáa.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Kápẹ́ńtà bá wa lọ sí ọ̀nà náà. Mo ní kó má jẹ́ kí n fọwọ́ kan téèpù rẹ̀. Ọ̀ọ́dúnrún ẹsẹ̀ bàtà, ó tún fi íǹṣì méjì lé e. Ó fi èènì sí i, ọmọ ìyá mi!

Mo pe Kékeré lẹ́ẹ̀mẹ́ta lórí fóònù. Kò gbé e.

Mo lọ bá Jẹ́jẹ́ nílé. Wọ́n gbọ́ ọ títí, wọ́n bọ́ gíláàsì, wọ́n nù ún. "Jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́." Wọ́n ní a lè pààrọ̀ ìwé náà láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, kò ní sẹ́ni tó máa mọ̀. Kí ojú má baà tì mí ni wọ́n ṣe sọ bẹ́ẹ̀, mo sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ti pe ọmọ yẹn lólè ní ibùdókọ̀. Ta ló máa pè wọ́n jọ kó sọ fún wọn pé kì í ṣe olè? Mo ní èmi ni. Ojú á tì mí, kó sì tì mí.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejìdínlógún

Ó ti parí. Ó ti parí!

Gbọ̀ngàn kún. Mo rí Kékeré lẹ́yìn pátápátá, ó ká apá mọ́ àyà. Nígbà tí wọ́n dé ìlà kẹtàdínlógún mo dìde, mo gbé téèpù méjèèjì sókè, mo sọ ọ́ bó ṣe rí: mo wọ̀n ọ́n pẹ̀lú téèpù tó ti nà, mo kọ ohun tí kì í ṣe òótọ́, ọ̀nà náà pé, fọ́mánì ò jẹ nǹkan kan níbẹ̀. Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín, gbogbo gbọ̀ngàn bá tẹ̀ lé e. Ẹ rẹ́rìn-ín, mo sọ nínú ọkàn mi, ẹ rẹ́rìn-ín dáadáa.

Obìnrin tó bọ́ bàtà sọ́wọ́ lọ́jọ́ yẹn dìde. Ó ní, "Ó dáa, kò sẹ́ni tó jẹ ẹ́. Ẹrẹ̀ ńkọ́?" Jẹ́jẹ́ ka ìlà náà sókè. Ọ̀ọ́dúnrún ni wọ́n kọ, "apá ibùdókọ̀" ni wọ́n kọ. Ẹni tó kọ ọ́ ò kọ pé kó dé ibùdókọ̀. Orí àga ọ́fíìsì ló ti kọ ọ́, kò débẹ̀. Jẹ́jẹ́ ní àwọn á jẹ́ kó jẹ́ ìlà àkọ́kọ́ nínú ohun tí ìgbìmọ̀ máa béèrè fún ètò ìnáwó ọdún tó ń bọ̀. Wọn ò tiẹ̀ sọ jẹ́jẹ́. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Wọ́n sì fi kún òfin wa: téèpù méjì, ọwọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kó tó di pé a kọ ohunkóhun sílẹ̀.

Mo wo ẹ̀yìn. Kékeré ti lọ.

Ọjọ́rú, ogúnjọ́

Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀gbẹ́ kejì. Mo gbọ́ ohùn Kékeré láti ṣọ́ọ̀bù, ó ń pariwo mọ́ ẹni tó po sìmẹ́ǹtì. Ara tù mí pẹ̀sẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Ó wá. Sílé. Ó kan ilẹ̀kùn bí àlejò, mo sì bú u torí ẹ̀.

Ó jókòó. Ó ní ó dun òun gan-an. Mo ní mo mọ̀. Mo ní kó má bínú, mo sọ ọ́ gbangba, láìfi ẹ̀fẹ̀ bò ó. Ó ń fi ìka tẹ tábìlì. Ó wá bi mí pé ká ní òótọ́ ló kù díẹ̀, ṣé màá kọ ọ́? Irọ́ wá sí mi lẹ́nu. Mo ní màá kọ ọ́. Ó ní òun mọ̀. Ó ní ìyẹn ló jẹ́ kó dun òun tó bẹ́ẹ̀, torí òun mọ̀ pé bí mo bá ti kọ ọ́, gbogbo ìlú á gbà á gbọ́.

Mo ní kí ló fẹ́ mu. Ó ní omi. Ó mu ún tán, ó dìde, ó na apá méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ bó ṣe máa ń ṣe láti kékeré. "Àǹtí mi, ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ mi ti ya. Ẹ wọ̀n mí."

Téèpù onírin tuntun wà lórí tábìlì. Ti àtijọ́ wà lórí ìṣó, mo ti tú sísọ́ọ̀sì kúrò nídìí rẹ̀. Mo bi í pé èwo ni kí n lò.

"Ti àtijọ́. Òun ló mọ̀ mí."

Mo gbé e sọ́rùn, mo lọ́ ọ mọ́ ọn nínú. Ó fa ikùn sínú. Mo ní kó tú u sílẹ̀ jàre, kò sí ìgbìmọ̀ níbí.