Ẹ́ńjìnnì Tí Mo Fi Aṣọ Bò

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé onílé yín ti yé pariwo lé yín lórí? O ò ní rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà, ọwọ́ ayé ò ní tẹ̀ ọ́. Èmi wà, mo ṣáà wà náà ni. Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ ni kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀, òun ni mo ṣe ń kọ̀wé.

Katakata kékeré tí o rà fún wa láti máa fi gé koríko, o mọ̀ pé mo so ọmọlanke mọ́ ọn nídìí, òun ló ń gbé ìyá rẹ lọ sí ọsibítù nítorí àyà tó ń dùn ún. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kàn bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná bí ẹni tí ibà ń ṣe. Mo wá ibi tí wọ́n ń bu omi sí, n kò rí i. Mo yí i po, mo dọ̀bálẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀, àgbàlagbà bíi tèmi! Mo ní háà, àwọn olè ti ta ẹ́ńjìnnì tí kò ní ẹnu fún ọmọ mi. Kí ló ń ṣiṣẹ́ tí kì í mu omi?

Ìgbà tí mo wò ó dáadáa ni mo rí fáànù kan tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i lára. Mo ní ẹ̀n-ẹ́n, wàhálà rèé! Ṣebí nọ́ọ̀sì ló ní kí n má jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí ìyá rẹ. Mo bá mú aṣọ òtútù ìyá rẹ kan tó ti gbó, mo fi dí ibi tí atẹ́gùn ń gbà wọlé, mo fi okùn dì í pinpin. Ìyá rẹ ní kí n wé e dáadáa, pé iṣẹ́ àṣekúdórógbó lòun náà ń ṣe nílé yìí.

Lọ́jọ́ tí èémí ìyá rẹ ò wá fẹ́ wọlé mọ́, mo gbé e sínú ọmọlanke, a mú ọ̀nà pọ̀n. A ò tíì dé ìdajì ọ̀nà tí ẹ́ńjìnnì fi ń rùn bí aṣọ tó ń jóná, ó tú èéfín, ó kú. Ọmọ mi, mo sunkún lójú títì, n kò tijú. Mo ń ti ọmọlanke títí apá mi fi kú, kí onímọ́tò tó ń kó pákó tó gbé wa dé ọsibítù.

Dókítà fetí sí àyà rẹ̀ títí. Ó ní kò nílò abẹ́rẹ́ mọ́, kí n máa gbé e lọ sílé, kó wà láàrin àwọn tirẹ̀. Inú mi dùn, mo dúpẹ́ títí. Ó tiẹ̀ gbàgbé láti kọ ọjọ́ tí a ó padà wá sínú káàdì.

Mẹkáníìkì tú ẹ́ńjìnnì náà. Ó yẹ ọ́ìlì wò, ọ́ìlì pé. Ó ṣí ìbòrí fáànù, koríko gbígbẹ ti dí gbogbo àárín àwọn irin pẹlẹbẹ ara rẹ̀. Ó ní atẹ́gùn ni ẹ́ńjìnnì yìí ń mu, kì í ṣe omi, pé koríko ti fún un lọ́rùn kí èmi tó tún lọ dí i nímú. Ó bú mi dáadáa. Mo wá sọ fún un ohun tí dókítà wí, ló bá ní kí n má san owó iṣẹ́ mọ́. Èèyàn dáadáa ni.

Katakata ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Jọ̀ọ́, fi owó epo ránṣẹ́, kó má bàa dá wa dúró tí a bá ń padà lọ bá dókítà. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ ní kí o má fi ránṣẹ́, kí o gbé e wá fúnra rẹ, kí o sì tètè dé. N kò mọ ohun tó ń lé e tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà á kúrú fún ọ. Ilé ni o ó bá gbogbo wa.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.