Bàbá Tó Kú Lẹ́ẹ̀mejì

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́.

Ètò tuntun tí a fi ń tọrọ ìsinmi lórí fóònù iṣẹ́ rú mi lójú. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé bàbá mi kú nílé, ní Idigny lápá Kétu, mo fẹ́ ọjọ́ mẹ́ta. Ó fi Faransé dá mi lóhùn pé bàbá mi ti kú lọ́dún tó kọjá.

Òótọ́ ni. Èyí tó bí mi nìyẹn. Àbúrò rẹ̀ tó tọ́ mi dàgbà ló kú báyìí.

Ọ̀gá, ọmọ Kétu bíi tèmi, ní: "Madáàmù, ẹ kú àṣẹ̀yìndè bàbá yín. Ẹ sáà tẹ 'àbúrò bàbá', á fún yín ní ọjọ́ kan."

Ọjọ́ kan kẹ̀!

Ìka mi ò gbà láti tẹ̀ ẹ́. Mi ò pè é bẹ́ẹ̀ rí. Ta ni kí n wá sọ pé ó kú?