Kànrìnkànrìn Kan fún Gbogbo Ọmọ

Ìdànrè,
Oṣù Kẹjọ, 1956.

Ẹ̀gbọ́n mi Dúrójaiyé,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó yín àti gbogbo ará ilé ní Kánò. Ara Bàbá ti yá, wọ́n ṣì wà lóko kòkó ní Ofosu. Èmi wálé fún ìsinmi láti ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì.

N kò mọ bí màá ṣe sọ ọ́. Eéwo sọ Olúlékè, ọmọ yín tó wà lọ́dọ̀ Màmá, ní itan. Màmá fi omi àdúrà àti kànrìnkànrìn tuntun wẹ̀ ẹ́, wọ́n sì fi kànrìnkànrìn náà wẹ àwọn ọmọ yòókù kí ìbùkún lè kàn wọ́n. Eéwo ti sọ gbogbo wọn báyìí. Wọ́n kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́ pé kòkòrò tí ojú kò lè rí wà nínú ọyún. Nígbà tí mo sọ ọ́, Màmá ní, "Nọ́ọ̀sì àná, ṣé èmi tí mo wẹ̀ ọ́ dàgbà ni ò ń kọ́?"

Bóyá mo ṣì í gbọ́ ni. Ọdún kìíní ni mo ṣì wà. Ṣùgbọ́n ara Olúlékè ń gbóná, wíwú itan rẹ̀ sì ń gun ìbàdí lọ. Mo ń dìde, mo ń jókòó. Màmá ní ìjọ wa kò gba abẹ́rẹ́, àwọn kò sì ní gbà àfi bí baba ọmọ bá pàṣẹ.

Kí Olúwa pa yín mọ́ fún wa. Ẹ jọ̀wọ́, lẹ́tà yóò pẹ́. Ẹ tẹ wáyà.

Àbúrò yín,
Olúrónkẹ́