Etí Kan Péré Ni Mo Fi Gbọ́ Ọlọ́dẹ

                                        Yàrá Àkásílẹ̀,
                                        Ilé Ìgbìmọ̀ Ìwádìí,
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹfà.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lẹ wà? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ikọ́ tó ń da àbígbẹ̀yìn láàmú, ṣé ó ti lọ? Ẹ̀yin náà, ṣé ẹ ti ń rí oorun sùn? Mo mọ̀ pé láti ìgbà tí iná ilé-iṣẹ́ ti gba ọkọ yín lọ́wọ́ wa, ìkíni pàápàá ti sú yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá ibì kan jókòó sí kí ẹ tó ka ìyókù.

Ẹ rántí ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ilé-iṣẹ́ ń sọ pé ọkọ yín tó jẹ́ fọ́maànù ló tilẹ̀kùn mọ́ àwọn òṣìṣẹ́. Ọlọ́dẹ ní irọ́ ni, òun mọ ọwọ́ tí kọ́kọ́rọ́ wà. Nítorí pé èéfín ti ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́, tí kò lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, ìgbìmọ̀ ní kó sọ tẹnu rẹ̀ níwájú kámẹ́rà, kí àwòrán àti ohùn rẹ̀ máa gba orí wáyà wọlé sọ́dọ̀ mi, kí n ká a sílẹ̀ di ọjọ́ ìjókòó. Nọ́ọ̀sì gbé kámẹ́rà kalẹ̀, ó jáde. Wọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wà ńbẹ̀, kí ilé-iṣẹ́ má baà ní wọ́n kọ́ ọ lọ́rọ̀. Èmi nìkan ni mo ń gbọ́ ọ.

Iṣẹ́ yìí ò le. Ẹ̀rọ ò ní bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí àwòrán bá ti yọ, èmi ni màá tẹ bọ́tìnnì pupa, èmi náà ni màá tẹ̀ ẹ́ bó bá parí. Mo tẹ̀ ẹ́. Aago ń kà, àwòrán ń lọ, ìlà aláwọ̀ ewé tó máa ń fò sókè bí ohùn bá ń wọlé ń fò. Kí ni n bá tún máa wá? Àṣé nígbà tí mo pa kọ̀ǹpútà tí mo tún tan án láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó ti gbàgbé wáyà ọsibítù, ó ti padà sídìí máìkì kékeré tó wà lára òun fúnra rẹ̀. Hẹ́dífóònù mi wà lára àpótí tí wáyà ọsibítù kọ́kọ́ wọ̀ kó tó dé kọ̀ǹpútà, ìyẹn ló jẹ́ kí n máa gbọ́ ọlọ́dẹ. Kọ̀ǹpútà ò gbọ́ ọ rárá. Ariwo yàrá mi ló ń ká.

Kí ló sì wà nínú yàrá? Awakọ̀ ọ̀gá wa ni. Ó wọlé wá ròyìn bí ọ̀gá ṣe jókòó sórí àga tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn, tó fi ìdí funfun rìn kiri títí dé ìpàdé. Mo ṣí etí kan kúrò nínú hẹ́dífóònù, mo ń jẹ ẹ̀pà, mo rẹ́rìn-ín débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Nígbà tí ọlọ́dẹ parí, mo wo ìbẹ̀rẹ̀, mo wo àárín, mo wo ìparí, bí a ṣe máa ń ṣe. Àwòrán ni mo wò. Mi ò gbé ohùn sókè. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Tèmi, etí ló yẹ kó wà.

Ní ọjọ́ kẹjọ lẹ́yìn náà, ọlọ́dẹ kú. Ìgbà tí akọ̀wé fẹ́ tẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sórí ìwé ló tó pè mí. Nínú àwòrán, ẹnu ọlọ́dẹ ń mì, ó ń fọwọ́ júwe ilẹ̀kùn, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ohun tí a sì ń gbọ́ ni èèpo ẹ̀pà àti ẹ̀rín mi. Akọ̀wé pa ẹ̀rọ. Kò bú mi. Ì bá sàn kó bú mi.

Ọ̀gá ti tẹ ìwé kan pé wáyà ló já. Ó ní, "Ṣáà fọwọ́ sí i jàre, àbí ìwọ lo máa jí òkú dìde ni?" Mo dá a padà fún un láìfọwọ́ sí i. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, màá dúró níwájú ìgbìmọ̀, màá sọ ohun tí etí mi kan gbọ́: pé ọlọ́dẹ ní máníjà fúnra rẹ̀ ló wá gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ òun, kí àwọn òṣìṣẹ́ má baà yọ́ jáde kí iṣẹ́ tó parí. Ìyẹn dá mi lójú.

Ṣùgbọ́n lọ́yà ilé-iṣẹ́ yóò bi mí ní ọjọ́ tí máníjà gba kọ́kọ́rọ́. Wọ́n ti ń sọ pé lóòótọ́ ni máníjà gbà á rí, pé ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ni, ó sì ti fi lé ọkọ yín lọ́wọ́. Bó bá jẹ́ àárọ̀ ọjọ́ iná ni, orúkọ ọkọ yín mọ́. Ọlọ́dẹ dárúkọ ọjọ́ náà, ẹ̀gbọ́n mi. Mo rí ètè rẹ̀. Mi ò gbọ́ ọ. Ọkàn kan ní kí n kàn sọ pé àárọ̀ ọjọ́ iná ni, ṣùgbọ́n wọ́n á gbé àkásílẹ̀ yẹn sí i, gbogbo ilé á gbọ́ ẹ̀rín mi, òótọ́ tí mo sọ á sì bá irọ́ lọ.

Ẹ bá mi kí àwọn ọmọ. Ẹ kí bàbá ọkọ yín. Mi ò mọ ojú tí màá fi wò wọ́n. Bí ẹ bá lè ṣe é, ẹ má wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Bí ẹ bá sì wá, níbi tí ọlọ́dẹ bá ti gbé ìka kan sókè, tó ya ẹnu láti sọ ọjọ́ náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ di etí yín. Ibẹ̀ ni mo ti rẹ́rìn-ín jù.

                                        Èmi ni àbúrò yín tí ojú ń tì,
                                        Tẹ́ẹ́rẹ́.