Àwọn Ìwé Tí Ẹ Tẹ̀ ní Agric

Bàbá mi àtàtà,

Ó ti lé lọ́dún kan tí ẹ ti lọ, mi ò sì tíì sọ fún yín bí iṣẹ́ tí mo tìtorí rẹ̀ pàdánù ìsìnkú yín ṣe já sí. Màámi máa ń bá yín sọ̀rọ̀ tí wọ́n bá kírun tán. Èmi ò mọ̀ ọ́n ṣe. Ìwé ni mo mọ̀ ọ́n kọ, ẹ̀yin lẹ sì kọ́ mi.

Ara Màámi le. Wọ́n ṣì wà ní Lásúnwọ̀n, wọn ò gbà láti wá máa gbé lọ́dọ̀ mi. Wọ́n ní ta ni yóò máa ṣílẹ̀kùn fún àwọn tó bá wá béèrè yín. Ọmọbìnrin kan ló ń ta ẹ̀wù fóònù nínú ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé yín ní Agric báyìí. Ó ti kun ògiri rẹ̀. Tí ọkọ̀ tí mo bá wọ̀ ní Gáréèjì bá ti ń sún mọ́ Agric, mo máa ń kọjú sí òdìkejì títí a ó fi kọjá.

Nígbà ayé yín, gbogbo ọmọ yunifásítì tó bá fẹ́ jáde ló ń gbé prójẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wá síbẹ̀. Ẹ ó fi táípùráítà tẹ̀ ẹ́, ẹ ó sì fi páálí dúdú dì í. Ìwé mẹ́fà péré lẹ kà nílé ìwé, síbẹ̀ kò sí prójẹ́ẹ̀tì kan tó gba ọwọ́ yín kọjá tí ẹ ò kà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Tí ẹ bá délé nírọ̀lẹ́, tí ẹ bá ń bu omi sẹ́sẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ẹ ó máa sọ fún wa ohun tó ń mú kí ewé ẹ̀gẹ́ pọ́n, tàbí ìdí tí omi fi ń kún ní Ìpakodò. Ẹ máa ń fi àtàǹpàkò tẹ ojú yín méjèèjì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, torí pé ojú ń dùn yín. Mo rò nígbà yẹn pé bí gbogbo bàbá ṣe ń ṣe nìyẹn.

Ẹ rántí ọjọ́ tí mo wá sọ fún yín pé wọ́n ti mú mi sínú ìgbìmọ̀ tí yóò ṣètò láíbìrì orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹyọ kan ṣoṣo fún gbogbo yunifásítì ilẹ̀ wa, kí ọmọ tó wà ní Sókótó lè ka ìwé tó wà l'Ékòó láì dìde níbi tó jókòó sí. Inú yín dùn. Ìbéèrè kan ṣoṣo lẹ bi mí: àwọn ìwé àtijọ́ ńkọ́, àwọn tí wọ́n fi táípùráítà tẹ̀, ibo la máa kó wọn sí? Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, “Bàbá, ta ló ń ka ìyẹn mọ́?” Lẹ́yìn náà lẹ bi mí bóyá iná wà ládùúgbò wa.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni mo sọ lọ́jọ́ yẹn. Èmi náà ni mo kọ ọ́ sínú ètò pé iṣẹ́ tó bá ti wà lórí kọ̀ǹpútà nìkan la ó kó wọlé, pé kí á fi ti àtijọ́ sílẹ̀. Iṣẹ́ ti pọ̀ jù fún wa, gbólóhùn yẹn ló sì mú un fúyẹ́. Gbogbo ìgbìmọ̀ ní mo gbọ́n. Wọ́n fi í ránṣẹ́ sí àwọn láíbìrì kí wọ́n lè tètè máa múra sílẹ̀.

Àbújá ni mo wà lọ́jọ́ tí ẹ lọ. Mo mọ̀ pé ara yín ò yá, mo ti sọ fún ara mi pé tí mo bá dé ni màá wá jókòó tì yín. Mo pa ohùn fóònù mi nítorí ìpàdé ìgbìmọ̀ náà. Nígbà tí a jáde láti jẹun ọ̀sán, ìpè àbúrò mi ló kún ojú rẹ̀. Wọ́n ti gbé yín lọ sí Ẹ̀pẹ́, sí ilé bàbá yín, àwọn àfáà sì ti wẹ̀ yín. Mo wọ bàálù, mo gba ọ̀nà Ìtòkín. Oòrùn ń wọ̀ nígbà tí mo dé. Àbúrò mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, yẹ̀pẹ̀ kún ẹsẹ̀ rẹ̀.

“Ẹ má bínú, wọn ò lè dúró. Lẹ́yìn ìrun Àsárì ni wọ́n sin Bàbá.”

Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Bí ẹ̀sìn wa ṣe wí nìyẹn. Mo kàn lọ dúró síbi tí wọ́n sin yín sí, ilẹ̀ náà ṣì tutù. Ṣé ẹ béèrè mi láàárọ̀ ọjọ́ yẹn? Àbúrò mi ní ẹ ò sọ nǹkan kan. Mi ò mọ̀ bóyá òótọ́ ni, àbí àánú mi ló ń ṣe é.

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, wọ́n ní kí a lọ wo ohun tí yunifásítì kọ̀ọ̀kan ní nílẹ̀. Ní ibì kan tí mi ò ní dárúkọ, ọkùnrin kan tó ń tọ́jú ìwé, tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀yìn tì, ló mú mi yí ká. Ó fi yàrá tuntun kan hàn mí, kọ̀ǹpútà tò lọ rẹrẹ nínú rẹ̀. Mo yìn wọ́n. Ó ní àwọn prójẹ́ẹ̀tì àtijọ́ ló wà níbẹ̀ títí di àìpẹ́ yìí. Mo bi í pé ibo ni wọ́n wá kó wọn sí.

Ó ní, “A ti sun wọ́n, mà. Lẹ́tà ìgbìmọ̀ yín ló ní wọn ò wúlò mọ́.”

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Wọ́n ní ẹyin lohùn, èmi ò mọ̀ pé ẹyin ni ohun tí mo kọ sílẹ̀ náà. Páálí ìwé méjì ló ṣẹ́kù, tí òun fúnra rẹ̀ fà sábẹ́ àtẹ̀gùn nítorí pé kò lè wò ó kí wọ́n jóná tán. Mo kúnlẹ̀ ti páálí náà. Ìwé kẹta tàbí ìkẹrin tí mo gbé, ọ̀rọ̀ àwọn ẹja inú ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ ló wà nínú rẹ̀. Lójú ewé ìdúpẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ náà dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run àti olùkọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá tó bá a tẹ ìwé náà ní Agric, ẹni tó rí i pé òun ti ṣi orúkọ ẹja méjì kọ, tó ti ṣọ́ọ̀bù pa lọ́jọ́ Sátidé, tó mú òun lọ sí Ẹ̀pẹ́, tó sì bá òun jókòó ti àwọn apẹja títí òun fi rí gbogbo rẹ̀ kọ bó ṣe yẹ. Orúkọ yín ló kọ síbẹ̀, Bàbá, orúkọ yín àti ti bàbá yín.

Ọkùnrin náà bi mí bóyá eruku ló kó sí mi lójú. Mo ní, “Bàbá mi nìyí.” Ó fi mí sílẹ̀ níbẹ̀, ó lọ dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn.

Mélòó nínú àwọn tí wọ́n sun ló ní orúkọ yín nínú? Ta ni màá bi?

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síwájú ìgbìmọ̀. Alága wa, ọ̀jọ̀gbọ́n obìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ní kí wọ́n ka gbólóhùn náà sókè, ó sì béèrè ẹni tó kọ ọ́. Àwọn tó kù ń wo tábìlì, wọ́n fẹ́ bò mí láṣìírí. Mo dìde. Mo ní, “Èmi ni mo kọ ọ́, mà. Mo ṣì í kọ.” Àríyànjiyàn náà pẹ́. Àwọn kan ní ta ni yóò máa ya ojú ewé ìwé gbígbó lọ́kọ̀ọ̀kan sórí kọ̀ǹpútà. Nígbẹ̀yìn, wọ́n yọ gbólóhùn mi kúrò, wọ́n sì kọ̀wé sí gbogbo yunifásítì pé kí wọ́n má da ohunkóhun nù. Àmọ́ wọ́n sún ti àwọn ìwé àtijọ́ sí ẹ̀yìn, bí agbára bá wà. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí “bí agbára bá wà” máa ń já sí lórílẹ̀-èdè yìí. Àwọn ilé-ìwé kan sì fèsì pé lẹ́tà náà ti pẹ́ jù.

Ọjọ́ Túsìdé tó kọjá la gbé ètò náà fún àwọn tó rán wa níṣẹ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún wa. Ọwọ́ mi wà lórí ẹsẹ̀ mi.

Ọkùnrin tó ń tọ́jú ìwé yẹn ti jẹ́ kí n mú ìwé ẹja náà wálé. Mo ya gbogbo ojú ewé rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà, mo fi í sínú ẹ̀dà tí a fi ń dán láíbìrì náà wò. Kọ̀ǹpútà béèrè ẹni tó kọ ọ́, ó béèrè olùkọ́ tó tọ́ ọ sọ́nà, ó béèrè ọdún. Kò béèrè ẹni tó tẹ̀ ẹ́.

Lánàá ni mo gbé e lọ bá Màámi. Mo ka ojú ewé ìdúpẹ́ náà fún wọn, mò ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá bí mo ṣe ń kà á lọ. Wọ́n ní kí n tún un kà.

Wọ́n wá ní, “Ẹja ni bàbá yín sọ fún mi pé àwọn ń lọ rà ní Ẹ̀pẹ́.”

Mo bi wọ́n bóyá ẹ ra ẹja bọ̀ lóòótọ́. Wọ́n ní ẹ rà á, pé ẹ kì í lọ kí ẹ má rà á bọ̀, pé ìjà tí àwọn ń bá yín jà nígbà náà ni pé kí lẹ fẹ́ fi gbogbo ẹja yẹn ṣe ní Sátidé sí Sátidé. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n fi etí ìborùn nu ojú wọn, wọ́n sì ní kí n fi ìwé náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn di ọ̀la, bẹ́ẹ̀ wọn ò lè kà á.

Sátidé sí Sátidé, Bàbá. Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wa?

Kí Ọlọ́run fi Àlùjánnà ṣe ilé fún yín, kí ó sì dárí jì mí.

Èmi ni, àkọ́bí yín obìnrin, tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí yín.