Ẹ Ní Kí N Sọ̀kalẹ̀ Lórí Òrùlé

Màámi, ẹ kú ilé o.

Mo kọ gbólóhùn yẹn tán, mo sì dá bírò dúró. Ilé wo ni mo ń kí yín sí? Ilé ọkọ Síkírá, àbúrò mi, ni ẹ wà báyìí ní Ìwó, ẹ̀yin tí ẹ kì í fẹ́ sùn ju ọjọ́ kan lọ nílé àna. Ẹ kú ìrọ́jú, ẹ kú àmúmọ́ra. Ẹ bá mi kí ọkọ Síkírá, ẹ ní mo dúpẹ́, ẹ ní ojú rẹ̀ ń tì mí. Ẹ kí àwọn ọmọ. Bí ẹ bá gbúròó ìyá aránṣọ iwájú ilé wa ní Òde-Òmu, ẹ bá mi kí òun náà, nítorí n kò tíì rí ẹnu tí màá fi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Èmi Gàníù ni mo kọ lẹ́tà yìí láti Lasunwọ̀n, ní Ìkòròdú níbí. Síkírá ni yóò kà á sí yín létí. Mo ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn pẹ̀lú, nítorí àwa kápẹ́ńtà pọ̀ ní ìlú yìí tí a ń kan òrùlé fún olórùlé, tí ìyá tiwa sì ń gbé abọ́ sábẹ́ ibi tó ń jò nílé. Bí ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn bá kà á tó sì di ẹrù rẹ̀, ìtìjú mi kò já sí asán.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ níbi tí ẹ̀ṣẹ̀ mi ti bẹ̀rẹ̀. Iléyá ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni mo wá sílé, tí mo gbójú sókè nínú yàrá yín, tí mo rí i pé páànù ti dípẹtà débi pé ojú ọ̀run ń yọ níbi márùn-ún. Mo ní kí òjò tó dé, màá wá pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ ní kí n má da ara mi láàmú, pé ilé tí bàbá mi fọwọ́ ara rẹ̀ mọ kò ní wó lé yín lórí. Mo ra páànù náà lóòótọ́, ìdì mẹ́ta. Ó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé tí mo háyà títí di òní, aláǹtakùn ti ta sí i, ìyàwó lánlọ́ọ̀dù sì ń sá aṣọ ìnulẹ̀ lé e. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, iṣẹ́ á pọ̀, màá ní ẹ jẹ́ kí iṣẹ́ dínkù ná. Bí iṣẹ́ bá dínkù, òjò ti dé nìyẹn, màá ní ẹ jẹ́ kí òjò dá. Kì í ṣe owó ni kò jẹ́ kí n wá, Màámi. Mo kàn ń sún un síwájú ni, nítorí ẹ kì í bínú.

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kan nínú òjò ọdún yìí, mo ti búra fún yín pé mò ń bọ̀. Ní ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú rẹ̀, Adéṣínà, ọmọ Ṣakí tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ṣí fóònù ńlá rẹ̀, ó wo ohun tí wọ́n sọ nípa ojú ọjọ́. Àwòrán méje ni, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú tirẹ̀: òòrùn díẹ̀ láàárọ̀, ìkúùkùu dúdú àti mànàmáná lọ́sàn-án. Láti Ajé títí dé Àìkú, kò sí èyí tó yàtọ̀. Adéṣínà ní ẹni tó ṣe é kò tilẹ̀ ronú, pé ọjọ́ kan ló wò tó fi da ọjọ́ mẹ́fà yòókù kọ.

Inú mi dùn sí àwòrán yẹn. Ẹ forí jì mí. Mo pè yín lójú ẹsẹ̀, mo ní ààrá àti òjò ni lójoojúmọ́, pé a kì í ṣí òrùlé nínú irú ọ̀sẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ ní òótọ́ ni, ẹ ní ta ní í ṣí òrùlé sílẹ̀ fún òjò. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, èmi àti Adéṣínà wọ mọ́tò gba ọ̀nà Ìtòkín lọ sí Ẹ̀pẹ́, a lọ ṣí òrùlé olórùlé.

Ilé àtijọ́ ni, ilé ìyá arúgbó kan tí àwọn ọmọ rẹ̀ ní kí a bá a pààrọ̀ páànù, tí òun sì kọ̀ láti kúrò nínú yàrá rẹ̀. Òfin iṣẹ́ wa ni pé èèyàn kì í ṣí ju ibi tó lè bò padà kí òjò tó dé. À ń ṣí ìwọ̀n yàrá kan láàárọ̀, à ń kan páànù tuntun sí i kó tó di ọ̀sán, èyí tó bá sì ṣẹ́kù, a ó fi tapólì bò ó. Èèyàn lè kan òrùlé ní ọ̀sẹ̀ olójò, bó bá ti lè mọ ìgbà tí òjò ń bọ̀. Mo mọ èyí kí n tó pè yín. Irọ́ tí mo pa fún yín nìyẹn.

Fóònù Adéṣínà kò mọ ìgbà tí òjò ń bọ̀, ó kàn mọ̀ pé ọ̀sán ni. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Ní ọjọ́ Ajé, nǹkan bí aago méjìlá àbọ̀, fóònù mi dún lápò. Ẹ kò kí mi, ẹ kò béèrè àlàáfíà. Ẹ fi ohùn gíga yín yẹn sọ̀rọ̀, èyí tí ẹ máa ń lò bí ẹni pé fóònù kò sí níbẹ̀ rárá. Ẹ ní òjò ti dé ọ̀dọ̀ yín o, pé ọ̀dọ̀ wa ló ń bọ̀, ibi yòówù tí mo bá wà lókè, kí n sọ̀kalẹ̀. Ẹ sì gé e. Mo wà lórí igi òrùlé, mo ń rò ó pé báwo lẹ ṣe mọ̀ pé mo wà lókè. Wákàtí méjì kò pé tí afẹ́fẹ́ fi yí, tí ààrá sán láti apá ibi tí òòrùn ti ń yọ. Kí òjò tó balẹ̀, a ti bo ilé, a ti jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, à ń jẹ gúgúrú.

Ní Ìṣẹ́gun, ẹ tún pè. Ní Ọjọ́rú, ẹ tún pè. Adéṣínà ní kí a ju fóònù ńlá òun sínú ọ̀sà, pé ìyá Gàníù ló yẹ kó máa sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ lórí rédíò. Bó bá ti di aago méjìlá, á na ọrùn láti orí igi tirẹ̀, á bi mí bóyá Òde-Òmu ti sọ̀rọ̀. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín. N kò bi ara mi pé níbo lẹ dúró sí, ẹ̀yin tí ẹ ń sọ fún mi pé òjò ti dé. Inú òjò kan náà lẹ ti ń pè mí, lábẹ́ òrùlé tí mo ti ń fi ẹnu pààrọ̀ láti ọdún mẹ́ta.

Ìyá arúgbó Ẹ̀pẹ́ yẹn, ẹ̀kán omi kan kò kan ibùsùn rẹ̀. Ní Ọjọ́rú yẹn ó gbé ẹ̀bà àti ẹja fún wa, ó sì gbé ọwọ́ lé mi lórí. Ó ní ìyá tó bí mi kò bímọ lásán, pé ẹni tó ń ṣe báyìí fún ìyá oníìyá, kí ni kò ní ṣe fún tirẹ̀? Adéṣínà ṣe àmín. Èmi náà ṣe àmín, mo tilẹ̀ ké e sókè.

Ní Ọjọ́bọ̀, ẹ kò tètè pè. Aago kan kọjá, mo ń wo fóònù. Mo ní bóyá òjò ti ọjọ́ náà kò ní dé, mo ní kí a ṣí ẹ̀yìn ilé náà pẹ̀lú kí iṣẹ́ lè yá. A ti ṣí i dé ìdajì kí ẹ tó pè. Ohùn yín kò ga. Ẹ ní tòní le, Gàníù, kí n tètè sọ̀kalẹ̀. Mo kanra mọ́ yín. Mo ní kí ló dé tí ẹ pẹ́ tó báyìí, pé òrùlé ti wà ní ṣíṣí sílẹ̀. Ẹ ní kí n má bínú. Ẹ tún ní kí n ṣáà sọ̀kalẹ̀.

A sáré na tapólì, a so ó, a sọ̀kalẹ̀. Òjò ọjọ́ náà gbé àkàbà wa ṣubú, ààrá sì sán igi àgbọn kan lẹ́yìn ilé, ó là á sí méjì. Bí mo bá wà lókè ni, ẹlòmíràn ni ì bá máa kọ̀wé sí yín.

Jímọ̀ kọjá, ẹ kò pè. Àbámẹ́ta kọjá, a sì parí iṣẹ́. Mo rò pé ẹ ń bínú sí mi, mo sì ń wá ọ̀rọ̀ tí màá fi tù yín. Ní Àìkú ni Síkírá pè mí, tó ń sunkún. Ó ní ògiri ẹ̀yìn yàrá yín wó ní Ọjọ́bọ̀, pé amọ̀ rẹ̀ ti mu omi yó, ó sì wó tòun ti páànù. Ó ní ẹ gbé abọ́ jáde lọ da omi nù ni, Ọlọ́run ló yọ yín. Ìyá aránṣọ ló fà yín wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó fi aṣọ gbígbẹ bò yín. Ẹ tú etí ìró yín, ẹ mú fóònù kékeré yẹn jáde, ẹ ní kó bá yín tẹ nọ́ńbà Gàníù kíá, pé òjò yìí ń lọ bá a lókè. Lẹ́yìn náà ẹ kìlọ̀ fún gbogbo wọn pé kí wọ́n má sọ fún mi títí màá fi parí iṣẹ́, kí ọkàn mi má baà dàrú kí n sì jábọ́.

Ògiri ti wó kí ẹ tó pè mí. Ohun tí ẹ rí sọ fún mi ni pé kí n sọ̀kalẹ̀. Ohun tí èmi rí sọ fún yín ni pé ẹ pẹ́.

Wọ́n ní àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Gbogbo àgbà ìlú pé jọ, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe. Páànù mi wà níbí, ìdì mẹ́ta pé pérépéré, ògiri tí yóò gbé e dúró ni kò sí mọ́. A kò sì lè mọ ògiri amọ̀ nínú òjò, àfi kí ẹ̀ẹ̀rùn dé. Ìyẹn ni pé ilé àna lẹ ó ti lo gbogbo òjò ọdún yìí, nítorí tèmi.

Fóònù Adéṣínà tún gbé àwòrán méje jáde lọ́sẹ̀ yìí, ìkúùkùu àti mànàmáná lọ́sàn-án, bíi ti tẹ́lẹ̀. Lánàá, mo dúró ní Èbúté létí ọ̀sà, ojú ọ̀run ṣú bàìbàì lápá ọ̀dọ̀ yín. Mo mú fóònù dání, kò dún. Síkírá ní àjà wà nínú yàrá tí wọ́n fún yín, pé ẹ kì í tètè gbọ́ òjò mọ́. Ó yẹ kí inú mi dùn. N kò mọ̀ pé èèyàn lè dá wà tó bẹ́ẹ̀ láàárín èrò ọkọ̀ ojú omi.

Màámi, mò ń bọ̀ ní Àbámẹ́ta yìí, òjò ì báà máa rọ̀. Màá kó páànù náà wá sílé, màá ṣa igi tó bá ṣì dára nínú àwókù, màá sì dọ̀bálẹ̀ fún yín nílé àna yín, kí gbogbo wọn rí mi. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, èmi ni màá mọ ògiri yẹn, n kò ní gba iṣẹ́ ẹnikẹ́ni títí yóò fi parí. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹ fi ìlera padà wọ̀ ọ́. Kí ó má jẹ́ kí èyí tí mo ṣe fún yín padà sórí àwọn ọmọ mi. Ẹ kí gbogbo ilé, lọ́mọdé lágbà, ẹ ní Gàníù ń tọrọ àforíjì.

Lọ́jọ́ tí òjò bá wá ṣú lọ́sàn-án ní Òde-Òmu, ẹ má wulẹ̀ tú etí ìró wá fóònù. Ẹ jáde sí àgbàlá, kí ẹ gbójú sókè, kí ẹ fi ohùn gíga yín yẹn ní kí n sọ̀kalẹ̀. Orí ilé yín ni màá wà.

Èmi ni ọmọ yín tó pẹ́,
Gàníù.