Dókítà Ìbíwùmí Fámúrewá, Ìyá Tó Pe Jẹjẹrẹ Ọmú Lórúkọ

Ìsẹ̀-Èkìtì ni a ti bí olóògbé Dókítà Ìbíwùmí Fámúrewá, ní ọjọ́ kejìlá oṣù Kẹta, ọdún 1961, sí ìdílé Olùkọ́ Josáyà Ògúndélé àti aya rẹ̀, Abígẹ́lì. Bàbá wọn ń kọ́ ọmọdé ní ilé-ìwé ìjọ, ó sì ń dáko kòkó lọ́nà Èmùré. Ìyá wọn ń ránṣọ. Màmá wa yìí ni àkọ́bí, aráalé sì máa ń sọ pé kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n rìn dáadáa ni wọ́n ti ń bi àgbàlagbà ní ìbéèrè.

Ìsẹ̀ ni wọ́n ti ka ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tó lọ sí ilé-ìwé girama ní Adó. Ní ọdún 1979, nígbà tí ìdánwò àṣekágbá kù sí dẹ̀dẹ̀, ìyá wọn kú. Abígẹ́lì ti rí kókó kan ní ọmú, ó fi ìró wé e mọ́ra, kò sọ fún ẹnikẹ́ni títí ó fi di egbò. Àwọn àgbà ní kí wọ́n sọ fún aráyé pé àyà ló ń dùn ún. Nígbà tí àbúrò Abígẹ́lì náà tún kú bẹ́ẹ̀, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ lábẹ́lẹ̀ pé èpè ń jà nínú ìdílé náà. Màmá kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Wọ́n gba Yunifásítì Ìbàdàn lọ, wọ́n kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí, wọ́n sì gboyè ní ọdún 1984.

Ní ọdún 1987 ni wọ́n ṣe ìgbéyàwó pẹ̀lú Ọ̀gbẹ́ni Lawrence Fámúrewá ti Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, olùkọ́ ìṣirò. Bàbá máa ń sọ pé ẹ̀ẹ̀mejì ni Màmá kọ òun, nítorí pé òun kò lè ṣàlàyé ìdí tí ewé fi ń yí àwọ̀ kí ó tó já bọ́. Ọlọ́run fi ọmọ mẹ́ta ta wọ́n lọ́rẹ, Ayọ̀túndé ni àkọ́bí.

Ọdún 1991 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga àwọn olùkọ́ ní Ìkẹ́rẹ́. Ọdún 2003 ni wọ́n gba oyè ọ̀mọ̀wé. Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ wọn tí kò mọ ìbéèrè tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́: “Ìwé kan náà ni sẹ́ẹ̀lì ojú àti sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ jọ jogún. Kí ló dé tí ẹ̀dọ̀ kò fi ríran?” Bí kíláàsì bá dákẹ́, wọn a rẹ́rìn-ín, wọn a ní, “Nítorí pé ojú ewé tí kálukú ṣí sílẹ̀ yàtọ̀. Ara ló mọ èyí tó yẹ kó ṣí àti èyí tó yẹ kó pa dé.”

Ní ọdún 2014, bí Màmá ti ń wẹ̀, ọwọ́ wọn ba kókó kan ní ọmú òsì. Wọn kò wé e mọ́ra. Lọ́jọ́ náà gan-an ni wọ́n sọ fún Bàbá, kí ọ̀sẹ̀ náà sì tó parí, wọ́n ti dé Ìbàdàn. Wọ́n gé ọmú náà, wọ́n gba oògùn tó ń mú irun re, apá òsì wọn sì wú títí dọjọ́ ikú. Nígbà tí àwọn oníṣègùn ní àwọn fẹ́ yẹ ẹran ara náà wò jinlẹ̀, Màmá fọwọ́ sí i kíá.

Èsì tó jáde yà wọ́n lẹ́nu. Dókítà tó ń tọ́jú wọn jókòó tì wọ́n, ó ní, “Màmá, a wá jíìnì àjogúnbá tó ń tún sẹ́ẹ̀lì ṣe nínú ẹ̀jẹ̀ yín, ó pé digbí. Ẹ kò jogún èyí tó bàjẹ́. Nínú kókó yẹn nìkan ni nǹkan ti lẹ̀ mọ́ ọn, tí kò jẹ́ kó lè ṣiṣẹ́.”

“Ìyẹn ni pé ojú ewé náà kò ya,” ni Màmá wí. “Ṣe ni wọ́n pa á dé.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

Màmá rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín fi di ẹkún. “Láti ọjọ́ yìí wá ni mo ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní nǹkan yìí,” ni wọ́n wí, “tí n kò mọ̀ pé yóò di tèmi.”

Ní ọdún 2018, ìdílé Ọmọ́rìnsọ́lá láti Èmùré wá tọrọ Fisáyọ̀, àbíkẹ́yìn Màmá, fún Fọlárìn ọmọ wọn. Ìyá ọkọ, Ìyáàfin Mary Ọmọ́rìnsọ́lá, ti gbọ́ ohun tí ayé ń sọ nípa èpè. Ẹbí kan ti gba Màmá nímọ̀ràn pé kí wọ́n ní eéwo lásán ni wọ́n gé. Màmá kọ̀. Wọ́n dìde ní pálọ̀, wọ́n ní:

“Jẹjẹrẹ ọmú ló ṣe mí. Àyẹ̀wò fi hàn pé n kò jogún jíìnì tó bàjẹ́. Inú ọmú mi ni ara ti ti èyí tó dára pa, bí ọjọ́ orí ti ń gòkè. Ṣùgbọ́n wọn kò yẹ ìyá mi wò kí ó tó kú. N kò ní búra lórí ohun tí n kò mọ̀. Fisáyọ̀ yóò máa yẹ ara rẹ̀ wò, kí gbogbo obìnrin tó jókòó síbí náà sì máa yẹ tiwọn wò.”

Ìyáàfin Mary ní, “Kí lẹ ṣe fẹ́ kó nǹkan yìí wọ ulé wa?” Àwọn àlejò dìde, wọn kò fọwọ́ kan iyán.

Fisáyọ̀ sunkún. “Màmá, òtítọ́ yín ti lé ọkọ mi lọ.” Màmá fa ọmọ náà mọ́ra, àwọn méjèèjì sì jókòó bẹ́ẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ lẹ́yìn náà tí Ìyáàfin Mary nìkan fi wọ takisí wá sí Ìkẹ́rẹ́. Wọn kò mu omi. “Ìyá Ayọ̀túndé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ti ulẹ̀kùn.” Wọ́n mú ọwọ́ Màmá, wọ́n gbé e lé ọmú wọn. Kókó kan wà níbẹ̀, ó le bí èkùrọ́. “Láti ọdún Àjíǹde ló ti wà. Mo rò pé bí mo bá sọ ọ́, wọn á ní èmi ni mo kó àrùn wọ ulé ọkọ mi.” Màmá kò rán wọn létí ohun tí ẹnu wọn sọ. Báàgì ni wọ́n gbé. Àwọn méjèèjì jọ lọ sí ilé ìwòsàn ní Adó, a sì rí àrùn náà nígbà tí oògùn ṣì ká a. Lọ́dún 2019, Ìyáàfin Mary jókòó ti Màmá nínú ìjọ níbi ìgbéyàwó Fisáyọ̀ àti Fọlárìn.

Ọmọ ìjọ Áńgílíkà tòótọ́ ni Màmá, wọ́n sì ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin. Nígbà tí arábìnrin kan ní kí wọ́n má pe orúkọ àrùn náà nínú ilé Ọlọ́run mọ́, èsì wọn ni pé, “Ọlọ́run ti mọ orúkọ rẹ̀ kí n tó mọ̀ ọ́n.” Àwọn àti Ìyáàfin Mary jọ kó nọ́ọ̀sì kiri: Ìsẹ̀, Èmùré, Òde-Èkìtì, dé Imesi-Lasigidi, wọ́n ń kọ́ obìnrin bí a ṣe ń yẹ ọmú wò. Àwọn tó tipa bẹ́ẹ̀ rí ìtọ́jú wà láàárín wa lónìí.

Ní ọdún 2023, àrùn náà padà wá, ó wọ eegun. Màmá ń jókòó kọ́ni títí ìjókòó fi di ìnira. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹjọ, ọdún 2025, nínú ilé wọn ní Ìkẹ́rẹ́, Ìyáàfin Mary ń fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nu ẹsẹ̀ wọn, Bàbá di ọwọ́ wọn mú, Màmá sì sùn nínú Olúwa. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ni wọ́n pàṣẹ fún wa: “Ẹ má kọ ‘àìsàn ránpẹ́’ sínú ìwé ìsìnkú mi. Àìsàn mi kò ránpẹ́. Jẹjẹrẹ ọmú ni kí ẹ kọ, kí obìnrin kan lè kà á kó lọ yẹ ara rẹ̀ wò.” A ti kọ ọ́, Màmá.

Wọ́n fi ọkọ wọn, Ọ̀gbẹ́ni Lawrence Fámúrewá, sílẹ̀ sáyé. Àwọn ọmọ: Ayọ̀túndé tó wà ní Kánádà, Bùsọ́lá ní Ìbàdàn, àti Fisáyọ̀ Ọmọ́rìnsọ́lá ní Èmùré. Àwọn ọmọ-ọmọ: Dámi, Glory àti Morónkẹ́. Àti àbúrò, àna, àti akẹ́kọ̀ọ́ tí kò lóǹkà.

Ìbíwùmí, ọmọ Ògúndélé, aya Fámúrewá, ìrora ti tán. Kí ilẹ̀ Ìkẹ́rẹ́ rọ̀ yín lọ́rùn bí ẹní àtẹ́ẹ̀ká. Kí Ẹlẹ́dàá tó mọ gbogbo ohun tó wà nínú ara gbà yín tọwọ́tẹsẹ̀. Ẹ sùn dáadáa, Màmá.